Ẹ Fi Mẹ́wàá Lé E

Ìkórè ìjọ tiwa ní Ìbàdàn kì í ṣe ọjọ́ tí ènìyàn ń mú ọwọ́ lásán lọ sílé Ọlọ́run. Áńgílíkà ni wá, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń kórè. Tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, àwọn ẹgbẹ́ á ti yan aṣọ, àpò-ìwé ọpẹ́ á ti máa kiri ilé. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, iwájú pẹpẹ á kún fún iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìrèké, ọsàn, àgbàdo tí wọ́n so mọ́ òpó, àti àkùkọ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀, tí yóò máa kọ ní gbogbo ìgbà tí àlùfáà bá fẹ́ sọ kókó ìwàásù. Ẹgbẹ́ kan á jó dé iwájú, òmíràn á tẹ̀lé e, èyí tí kò bá mọ ijó jó á fi owó bo ara rẹ̀ láṣìírí. Lẹ́yìn náà ni wọn á wá lu gbogbo ẹrù náà ní gbàǹjo.

Gbàǹjo ìkórè kò jọ ọjà. Ní Bódìjà, ẹni tó fẹ́ rà ló máa ń fa owó wálẹ̀. Níwájú pẹpẹ, ẹni tó fẹ́ rà ló ń gbé e sókè, á sì tún máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn jà sí i, ilé Ọlọ́run lowó ń lọ. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, owó ilé ìwé táàmù tuntun ti ń wò mí lójú kòró, mo sì ti sọ fún ìyàwó mi láti ilé pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan péré la máa rà.

Àkànní, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méje, ló tú ètò yẹn ká. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tọ́ ọmọ náà ná, kó lè yé yín pé kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ láàárọ̀ dalẹ́ nílé ìwé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nídìí àdúrà ìdílé, mo ní kó ṣí Sáàmù ogójì fún wa. Ó wò mí títí, ó ní, "Dádì, ṣé fọ́tì ni àbí fọtíìnì?" Inú bí mi. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ àti àkàrà, oǹkà Yorùbá ló kàn. "Ogójì, ẹ fi mẹ́wàá lé e!" "Àádọ́ta!" "Àádọ́ta, ẹ fi mẹ́wàá lé e!" "Ọgọ́ta!" Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́, tó sì gbà á, òun ló ni ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ alẹ́. Àkànní fẹ́ràn ẹran. Kò pẹ́ rárá tí ọmọ náà fi mọ oǹkà jù mí lọ. Èmi á ṣì máa rò ó bóyá márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni àbí márùnlélọ́gọ́rùn-ún, òun á ti nawọ́ sókè, á ti máa wo ìkòkò.

Ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi náà tún ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Súìtì ni olùkọ́ wọn máa ń fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ nawọ́ láti ka àkọ́sórí. Àkọ́sórí ọ̀sẹ̀ ìkórè ni Kọ́ríńtì Kejì 9:7, láti inú Bíbélì Mímọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Yorùbá ibẹ̀ kì í ṣe Yorùbá ọmọdé, ṣùgbọ́n Àkànní kà á nínú balùwẹ̀, ó kà á nínú mọ́tò, ó kà á fún ológbò aládùúgbò. Orí mi wú. Mo ní ọmọ mi ti ń di ẹni iyì.

Ẹgbẹ́ akọrin ni ìyàwó mi wà, nítorí náà èmi ni mo máa ń mójú tó àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò dùn mọ́ ọn nínú, torí ojú ló fi ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ ojú yẹn, àwọn ìyá yín fi tọ́ yín. Ojú kan wà tó ń sọ pé "jókòó." Ojú kan wà tó ń sọ pé "o ò ní gba ẹran kejì nílé onílé." Èyí tó burú jù kò ní ìpéjú: wọn á rọra wò ọ́, wọn á rẹ́rìn-ín sí àlejò, ìwọ á sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ di ilé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìjókòó akọrin jìnnà sí wa, gíláàsì ojú ìyàwó mi sì ń kọ mànà. Ohun tó bá fojú sọ níbẹ̀ yẹn, bóyá ni ìdajì rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá tó ń lu gbàǹjo fún wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kì í sọ pé "ta ló máa fi owó kún un?" bíi ti àwọn yòókù. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ fi mẹ́wàá lé e! Mélòó?"

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Wọ́n ta iṣu, wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ (ẹlòmíì gba tèmi mọ́ mi lọ́wọ́), wọ́n ta àkùkọ, ilé sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa òbúkọ wọlé. Òbúkọ dúdú ni, ó ní irùngbọ̀n, ó ní ìwo, òórùn rẹ̀ sì ti dé iwájú kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ìgbà yẹn gan-an ni Àṣàkẹ́, àbúrò Àkànní, di aṣọ mi mú pé òun fẹ́ tọ̀. Mo gbé e, mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní, "Jókòó síbí. Má ṣeré. Tí àgbà bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, dá a lóhùn dáadáa." Ó ní, "Yẹ́ sà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, olúkúlùkù ló sì ń fi ẹ̀rín dá a dúró. Ọ̀túnba kan nínú ìjọ ló kọ́kọ́ dá owó lé e, ó ní òun á san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà. Bàbá olùkọ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè: "Ọ̀túnba ti sọ àádọ́ta! Ẹ fi mẹ́wàá lé e! Mélòó?" Gbogbo ilé dákẹ́. Àkànní nawọ́. "Ọgọ́ta, sà!" Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀túnba rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àádọ́rin. "Àádọ́rin! Ẹ tún fi mẹ́wàá lé e! Mélòó?" Ní ìjókòó akọrin, ìyàwó mi ti dìde tán, ó fẹjú, ó gbé ìpéjú méjèèjì sókè, ó ń mi orí. Àkànní wò ó. Ó gun orí àga.

Ìgbà yẹn ni èmi àti Àṣàkẹ́ wọlé padà. Ohùn ọmọ mi ni mo gbọ́, ó ń dún ketekete: "Ọgọ́rin!" Mo gbé Àṣàkẹ́ sílẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ọmọ mi nìyẹn, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ìyá náà wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ẹ kú oríire o. Ẹ kú ìnáwó." Mo rò pé aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kí mi fún.

Bàbá olùkọ́ gbá tábìlì. "Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ̀ẹ̀kejì! Ẹ̀ẹ̀kẹta! Ó di ti Bàbá Àkànní, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin!" Kí n tó la ẹnu, akápò ìjọ ti dúró tì mí pẹ̀lú ẹ̀rọ POS. Ayé ti dé ibi pé ẹ̀rọ ń bá ènìyàn dúró nínú ilé Olúwa, kò tilẹ̀ sí bí ẹ ṣe máa sọ pé ẹ gbàgbé owó sílé.

Mo rìn lọ síwájú, mo tẹ̀ mọ́ bàbá náà létí. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀, ìṣirò ló rò pé ó jẹ́." Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà ní títàn. Gbogbo ìjọ gbọ́ ọ, títí kan àwọn tó wà lábẹ́ igi níta. Bàbá náà pe Àkànní jáde. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o fi nawọ́?" Ẹ̀rù ba ọmọ náà díẹ̀, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe tí àgbà bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu. Ó dúró ṣánṣán, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn:

"Kọ́ríńtì Kejì, orí kẹsàn-án, ẹsẹ keje. Kí olúkúlùkù ènìyàn kí ó ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti pinnu ní ọkàn rẹ̀. Kì í ṣe àfi ìkùnsínú ṣe, tàbí ti àìgbọdọ̀ má ṣe. Nítorí Ọlọ́run fẹ́ onínúdídùn ọlọ́rẹ."

Ariwo "Halelúyà" tó sọ kò kéré. Àwọn onílù gbà á, àwọn ẹgbẹ́ ìyá dìde ijó. Ẹ̀yin tó bá fara balẹ̀ ka ẹsẹ yẹn á rí i pé ẹ̀yìn mi ló wà: mi ò pinnu nǹkan kan ní ọkàn mi, àìgbọdọ̀ má ṣe gan-an ló sì wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró túmọ̀ Ìwé Mímọ́ fún ènìyàn tó ń jó? Mo fa káàdì yọ. Nígbà tí àwọn Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, wá tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì ní Ìbàdàn yìí ní 1853, olóyè kan fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá òun tọ́ wọn. Bí mo ṣe ń tẹ nọ́ńbà mi sí ẹ̀rọ yẹn, ó ṣe mí bíi kí n bi àlùfáà léèrè bóyá wọ́n ṣì ń gbà.

Mo sáré bá Ọ̀túnba níta. Mo ní, tí wọ́n bá ṣì fẹ́ òbúkọ náà ní àádọ́rin, mo ṣe tán láti yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n gbá mi léjìká. "Èmi kẹ̀? Dókítà ti ní kí n yé jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí n bá ìjọ gbé e sókè díẹ̀ ni."

Ìwo kò jẹ́ kí búùtù pa dé. Okùn la fi so ó, orí òbúkọ wà níta, ó ń wo àwọn tó wà lẹ́yìn wa. Ní Mọ́lété, ọlọ́kadà kan sún mọ́ fèrèsé mi, ó ní, "Bọ̀dá, èrò yín tó wà lẹ́yìn yẹn, ṣé ó ti sanwó?" Ìyàwó mi fi áńkáṣíìfù bo imú, kò fọhùn títí a fi kọjá Chálẹ́ǹjì. Níbẹ̀ ló ti yíjú sẹ́yìn.

"Àkànní, o ò rí ojú tí mò ń ṣe sí ẹ?"

"Mo rí i, Mọ́mì. Mo rò pé ẹ ní kí n pariwo sí i ni, pé wọn ò gbọ́ mi."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi èmi: "Dádì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbà á. Ẹran mélòó ni mo jẹ?"

Mo ní odindi rẹ̀ wà nínú búùtù. Ó bojú wẹ̀yìn, òun àti òbúkọ wo ara wọn. Kò sọ̀rọ̀ ẹran mọ́ títí a fi délé, nígbà tó sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ ọ lọ́wọ́, ó ti bọ́ bẹ́líìtì ilé ìwé rẹ̀ sí i lọ́rùn, ó sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọgọ́rin lorúkọ.

Alhájì onílé wa rí wa nígbà tí a ń fà á wọlé. "Bàbá Àkànní, ẹ̀yin náà ti ń ṣe iléyá ni?" Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ mo rí i pé wọ́n yí òbúkọ náà po, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan itan, wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìsọmọlórúkọ ku sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ń bọ̀ lálẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀. Mo wo ojú ìyàwó mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ojú yẹn dára.

Àdúrà ìrọ̀lẹ́ ni Alhájì bá wa lórí rẹ̀. Mo fẹ́ dá a dúró, wọ́n ní rárá, àdúrà kì í pọ̀ jù, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó tì wá. Àkànní ni àdúrà kàn.

"Olúwa, a dúpẹ́ fún ìkórè. Bùkún Dádì tó sanwó. Bùkún Mọ́mì, jẹ́ kí ojú wọn dá. Olúwa, fún Ọgọ́rin ní ẹ̀mí gígùn."

"Àmín," ni Alhájì wí.

"Jẹ́ kó rí Kérésìmesì, jẹ́ kó rí Ọjọ́ Àjíǹde, jẹ́ kó rí iléyá."

"Àmín o!"

"Ẹni tó bá ń pọ́n ọ̀bẹ dè é, jẹ́ kí ọ̀bẹ náà sọnù."

"Àmín àṣẹ!" Ohùn Alhájì ló ga jù lọ nínú ilé.

Nígbà tí a ṣí ojú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú, wọ́n kí Àkànní pé ó mọ àdúrà gbà. Wọ́n wá bi mí pé ta ni Ọgọ́rin, ṣé àbúrò yín ni, ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?

Àṣàkẹ́ na ìka sí ẹ̀yìnkùlé.

Alhájì wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wo Àkànní, wọ́n wo àpò agbádá wọn. Wọ́n rọra fa owó tí wọ́n fi rọ́bà dì yọ, wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n sì dá a padà sápò.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ni mo kó wá, Bàbá Àkànní," ni wọ́n wí, wọ́n ń wá bàtà. "Ṣùgbọ́n mo ti ṣe àmín. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn wá àgbò."