Nígbà Tí Iná Lọ ní Houston, Màmá Mi Ní Kí A Gbé Èédú Wọlé

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Arówómọlé la jókòó sí, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti gbẹ, ni wọ́n bá mú iná lọ. Ẹnì kankan ò tilẹ̀ dá sí i. Màmá mi na ọwọ́ sí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n mú àtùpà, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ láti ibi tí wọ́n ti dá a dúró. Ara ìṣó yẹn náà ni àtùpà máa ń wà nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọmọ ilé kejì wa wà pẹ̀lú wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní LAUTECH ni, oṣù kìíní ló sì ń lọ sí Kánádà láti lọ kàwé sí i. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń bi mí nípa kóòtù òtútù àti bàtà yìnyín. Mo ní, "Tí iná bá wá lọ lọ́hùn-ún ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iná ló fẹ́ máa dẹ́rù bà mí? Ògbómọ̀ṣọ́ mà ni wọ́n bí mi sí."

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ni mo sì ṣe jókòó kọ èyí, fún òun àti fún gbogbo ọmọ Ajílété tó ń di ẹrù lọ sílùú òtútù.

Nílé wa, tí iná bá lọ, òkùnkùn ló máa ń kù sílẹ̀. Níbi tí mò ń gbé, tí iná bá lọ nígbà òtútù, ooru ilé bá a lọ, omi tẹ̀ lé ooru, fóònù tẹ̀ lé omi. Láàárín wákàtí mélòó kan, ilé tó ń gba ẹ̀mí là lè di ibi tí èèyàn ti ń gbọ̀n bí ewé. Ọyẹ́ tiwa máa ń mú, àmọ́ kò sí òru ọyẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí omi inú korobá máa ń dì sí òkúta.

Oṣù kejì ọdún 2021 ló ṣẹlẹ̀. Houston tí mò ń wí yìí, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ìlú ooru ni, ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń bá níbẹ̀ ju hítà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, àwọn ọmọ mi méjèèjì sáré lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Ìdájí ọjọ́ kejì, ìdákẹ́jẹ́ kan ló jí mi. Afẹ́fẹ́ hítà tó máa ń hó lókè àjà wa ti dákẹ́. Mo fi ọwọ́ tọ́ ọkọ mi, mo ní wọ́n mú iná. Ó ní, "Wọ́n á mú un wá," ó sì yí ẹ̀yìn padà. Èmi náà sùn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, èémí ẹnu wa ti ń yọ bí èéfín ní pálọ̀.

A ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó kà á. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iná Texas. Òtútù mú kànga gáàsì, ó mú páìpù rẹ̀, ó mú irinṣẹ́ inú àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá fúnra wọn, torí pé wọn ò kọ́ wọn fún irú òtútù bẹ́ẹ̀. Lákòókò kan náà, gbogbo ilé tan hítà. Wáyà iná Texas kò sì so mọ́ ti ìpínlẹ̀ yòókù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè yá iná tó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já iná àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn kí gbogbo rẹ̀ má bàa wó lulẹ̀. Ó kù bí ìṣẹ́jú 4 ó lé díẹ̀ kó wó pátápátá, wọ́n ní bó bá wó, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó dìde. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4 ló wà láìní iná. Ní Houston, lọ́sẹ̀ yẹn, òtútù lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 10 nísàlẹ̀ òdo.

Wákàtí méje ni ilé fi ṣáájú wa nígbà yẹn. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwa, màmá mi pè, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò ní èédú nílé ni? Ẹ dáná sí i, ẹ gbé e sáàárín pálọ̀, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn pa. Ṣé o ti gbàgbé bí mo ṣe máa ń ṣe é fún yín lásìkò ọyẹ́ ni?"

Mi ò gbàgbé. Ilé tí a gbé nígbà yẹn, àlàfo wà lábẹ́ páànù yíká, fèrèsé pákó kì í sì í ti dáadáa, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Ibẹ̀ la ti máa ń yáná títí oorun á fi gbé wa. A ní ààrò tí a fi ń sun ẹran ní bákónì, èédú àpò kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ti jáde lọ gbé e. Ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ààrò náà kan ti wọlé, yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ni fóònù tún dún.

Bọ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pe gbogbo Yorùbá tí wọ́n mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò kí mi. Ohùn wọn le. "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ẹ ò tíì gbé nǹkan kan wọlé láti yáná? Ẹ má dán an wò o. Ẹ má dán an wò!"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ nípa carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan, kó yé mi. Èédú tó ń jó, jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n tan, gbogbo wọn ló ń tú u jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú bí èéfín igi. Tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń gba ìjókòó atẹ́gùn tí a ń mí sínú. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, lẹ́yìn náà oorun. Ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ̀gbà tó dé bá a. Ilé lọ́hùn-ún kò sì ní àlàfo lábẹ́ páànù. Wọ́n kọ́ ọ kí afẹ́fẹ́ má bàa jáde ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, ní agbègbè Houston, àwọn kan tan ọkọ̀ sínú gáréèjì kí wọ́n lè móoru, àwọn kan gbé èédú wọlé gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe fẹ́ ṣe, wọn ò sì jí mọ́, ọmọdé wà nínú wọn. 246 èèyàn ni ìjọba ìpínlẹ̀ Texas kà pé ìjì òtútù náà pa. Òtútù gan-an ló pa èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ burúkú yìí wà nínú ohun tó pa àwọn yòókù.

Ọkọ mi gbé ààrò náà padà síta. Àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára kápẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí a kó kúrò nílé yẹn.

Yàrá àwọn ọmọ ló kéré jù, ibẹ̀ ni gbogbo wa kó sí. A gbé fóòmù sílẹ̀, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, mo ká ìró mẹ́ta di ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo ṣí àpótí, mo kó aṣọ òkè ìgbéyàwó wa jáde, èyí tí wọ́n hun ní Ìséyìn. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì máa ń rò pé ọmọ mi ló máa lò ó. Òun náà ló lò ó lóòótọ́. Agbádá bàbá rẹ̀ ni mo fi wé e láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Aṣọ òkè wúwo, ó ń gba ooru ara mọ́ra ju ohun tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Gèlè ni mo fi di ọrùn èmi fúnra mi. Àwa àgbà wọ aṣọ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lérí ara wọn, márùn-ún, mẹ́fà, ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì, fìlà kò kúrò lórí wa tọ̀sán tòru. A fi àwọn ọmọ sáàárín.

Gàrí ló gbà wá. Ilé wa ní Houston, iná mànàmáná ló ń gbé gbogbo nǹkan ibẹ̀, títí kan ibi ìdáná. Gàrí, ṣúgà, mílíìkì, ẹ̀pà, kò sí èyí tó ń fẹ́ iná nínú wọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé omi tútù ń mú kí ọmọ kékeré gbọ̀n sí i, àfìgbà tí ọ̀rẹ́ wa kan tó ní sítóòfù gáàsì fi omi gbígbóná ránṣẹ́ nínú fláásì. Ọbẹ̀ ata tí mo kó sí bákónì kó má bàa bàjẹ́ dì bí òkúta nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀, fìrísà tó kún, tí ẹ ò bá ń ṣí i, ó lè tọ́jú oúnjẹ fún bíi wákàtí 48 láìsí iná. Fíríìjì ò lè kọjá wákàtí 4.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni omi wá. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ ni, páìpù kò sì ní àyè tó máa fẹ̀ sí, ó sì bẹ́ lókè orí wa, nílé ẹni tó wà ní àjà kẹta. Omi ń ṣàn gba ara ògiri wa wálẹ̀, a sì ń fi ọpọ́n àti korobá gbè é. Tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà bá ti mọ ibi tí wọ́n ti ń pa omi ni, kì bá tí tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 17 títí di ọjọ́ 21 oṣù yẹn, ìlú Houston ní kí gbogbo èèyàn máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Ẹni tí kò ní iná, kí ló fẹ́ fi sè é?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Rú ni iná dé. Ọmọ mi ọkùnrin, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, fò sókè pẹ̀lú agbádá lára, ó kígbe, "Ap Nẹ́pà!" Orí fóònù ìyá ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Nítorí náà, àbúrò mi, ohun àkọ́kọ́ tí wàá rà tóo bá débẹ̀, kóo tó ra tẹlifíṣọ̀n, ni alámù carbon monoxide tó ń lo bátìrì. Kó wà nítòsí ibi tóo ń sùn, tó bá sì ké, jáde, má dúró wá kóòtù. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé ju bíi mítà 6 lọ, ẹnu rẹ̀ kó sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bákónì kì í ṣe ìta o. Bí wọ́n bá ti kéde pé òtútù ń bọ̀, pọn omi mímu sílẹ̀, fi omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa kán tótó, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì kí ooru ilé lè dé ara páìpù. Gba iná sí páwà báńkì rẹ. Bèèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí wọ́n ti ń pa omi lọ́jọ́ tóo bá gba kọ́kọ́rọ́. Ní ti Kánádà, òjò tó ń dì lára wáyà wà lára ohun tó máa ń já iná níbẹ̀: lóṣù kìíní ọdún 1998, ó wó òpó iná lulẹ̀ ní Quebec àti Ontario, àwọn kan sì wà láìní iná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Má sọ pé kò lè kàn ọ́.

Ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ẹ náà á wúlò. Ìyọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí iná tó dé má bàa jó fíríìjì, àwa nìkan la ṣe é nínú ilé wa. Àyà wa kò já nínú òkùnkùn.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún un lójúkojú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fi fóònù kọ ọ́ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, jẹnẹrétọ̀ tiwa, inú pásééjì ni Dádì máa ń tàn án sí lálẹ́."

A jọ lọ. Bàbá rẹ̀ tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní àwọn gbọ́, àmọ́ tí àwọn bá gbé e síta, olè á gbé e. Àwa mẹ́ta la wá gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ náà mú ṣéènì wá, a sì fi àgádágodo dè é mọ́ ìdí igi máńgòrò.