Iná lọ, bala shark gòkè omi
Iná lọ ní Bódìjà nírọ̀lẹ́ yìí, pọ́ńpù atẹ́gùn dákẹ́. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ bala shark, ẹja tí mo ń sìn nínú àpótí gíláàsì, fi gòkè omi, wọ́n ń yanu, etí tí wọ́n fi ń mí ń ṣí, ó ń pa dé wéréwéré.

Afẹ́fẹ́ inú omi ló ń tán. Mo tan pọ́ńpù oníbátìrì sí i. Oúnjẹ di ìgbà tí iná bá dé. Ẹ má sáré bu omi ẹ̀rọ lé e o! Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ máa ń bó ẹja létí. Bí iná bá pẹ́, ẹ fi omi inú gíláàsì yẹn fọ kànìnkànìn inú asẹ́ tó ń sẹ́ omi náà kí ẹ tó tan asẹ́ náà padà, torí ìdọ̀tí tó ti rà síbẹ̀ léwu. Ìdérí ò gbọdọ̀ ṣí, ẹja yìí ń fò.

Ṣé tiyín náà máa ń gòkè bẹ́ẹ̀?