Ẹ Má Fa Ẹsẹ̀ Awò Yín Gùn

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, pàápàá àwọn kéékèèké tó ń bá ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ ti rí Júpítà, ayé ńlá tó ń yí oòrùn po bíi tiwa, tó ń gbọ̀n nínú awò bí ẹni tí ibà mú, tí ẹ ò sì mọ ẹni tí ẹ máa bínú sí.

Ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ni, ọjọ́ Sátidé. Gbogbo wa ṣì wà nílé bàbá mi ní Òṣogbo fún ọdún tuntun. Òṣùpá yọ róbótó lálẹ́ ọjọ́ náà, ìràwọ̀ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo èyí tó kù lọ. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbójú sókè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Àkànní, wo Àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn."

Mo ní, "Àgùàlà kọ́ nìyẹn, Mà. Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn, kì í wà lókè lọ́gànjọ́ òru. Júpítà ni. Òun náà ní òṣùpá tirẹ̀, mẹ́rin nínú wọn sì máa ń hàn nínú awò mi."

Wọ́n wò mí títí. "Òṣùpá mẹ́rin? Gbé e wá, kí n rí i kí n tó kú."

Mo gbé awò náà lọ sórí dẹ́kìn lókè, nítorí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé dí ojú ọ̀run ní ìhà ìlà oòrùn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa béèrè ìdí tí mi ò fi dúró nílẹ̀; ìdí rèé. Mo wá fa ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde dé òpin, kí ojú awò, ìyẹn dígí kékeré tí à ń fi ojú sí, lè ga tó Màmá, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Èrò rere ni mo fi ṣe é. Dígí iwájú awò mi fẹ̀ ní mìlímítà 70, gígùn ìfojúsí rẹ̀, ìyẹn bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé ṣe jìnnà sí dígí náà, jẹ́ mìlímítà 700. Mo ki ojú awò oní-mìlímítà 10 bọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 70. Níbẹ̀, Júpítà yóò fẹ̀ lójú ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì òṣùpá tí a ń fi ojú lásán wò. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i dáadáa.

Wọ́n rọra gun àtẹ̀gùn, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì léjìká mi. Àwọn ọmọ tẹ̀lé wa, àwọn àbúrò bàbá mi náà gòkè wá. Màmá dé ìdí awò, wọ́n sì ṣe ohun tí àgbàlagbà yòówù tó wà lórí ìdúró máa ṣe: wọ́n wá nǹkan dì mú. Awò gan-an ni wọ́n dì mú. Júpítà sá lọ.

"Kò sí nǹkan kan níbí o."

Mo tún un wá. Nígbà tí mo bá fi máa yọwọ́, ó ti ń jó, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó fẹ́ dúró, nígbà yẹn ni ọmọ kan á sá kọjá lórí dẹ́kìn. Jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀, lórí kọnkéré kan náà tó so mọ́ ògiri ilé, ó ń kù láìsinmi. Nígbà tí kò sí ẹni tó mira pàápàá, àwọn òṣùpá kéékèèké náà kò di ẹyọ kan rárá, ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n dà. Ìgbà mẹ́rin ni Màmá wò. Lẹ́ẹ̀kẹrin wọ́n ní, "Iná kan ń fò bíi tanátaná." Ẹnì kan lẹ́yìn wa béèrè iye tí mo ra nǹkan yìí. Mi ò dáhùn. Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Èyí kọ́ ló dùn mí jù. Màmá yí ojú kúrò, wọ́n fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wọ́n ní, "Ó dáa, Àkànní, má da ara rẹ láàmú. Ojú mi ni kò dáa mọ́."

Ojú wọn kò ṣe nǹkan kan! Èṣí ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, wọ́n ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Ìdúró mi ló gbọ̀n, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn pẹ̀lú èrò pé ojú àwọn ló ti bàjẹ́.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo gbé awò síta ní alẹ́ mẹ́ta léra, mo sì ń fi ìka gbá a jẹ́jẹ́, mo ń ka àáyá títí yóò fi dúró. Ẹ ṣe é fún tiyín. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí mo fà gùn, mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Nígbà tí mo ti gbogbo rẹ̀ wọlé tán, mẹ́ta. Lẹ́yìn àwọn nǹkan tó kù tí mo máa sọ, kò pé méjì mọ́. Mo rí òṣùpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí orí abẹ́rẹ́, wọn ò mì.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ọ̀pá bá gùn ní ìlọ́po méjì, ó máa ń rọrùn láti tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Apá ìsàlẹ̀ tí à ń fà jáde ló sì tín-ín-rín jù. Ẹ tì í wọlé, kí ẹ jókòó sórí àpótí. Ẹni tó bá jókòó kò ní nílò ohun tí yóò dì mú. Ká ní mo ti gbé àpótí fún Màmá ni, ọwọ́ wọn ò bá má kan awò.

Ẹ̀kejì, ẹ jìnnà sí kọnkéré, ẹ lọ sórí ilẹ̀. Erùpẹ̀ máa ń gbé gbígbọ̀n mì. Dẹ́kìn máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, ẹ pa á, ẹ má bẹ̀rù òkùnkùn, òun gan-an lẹ nílò. Bí ẹ bá ní igi níwájú bíi tiwa, ẹ dúró kí Júpítà ga kọjá rẹ̀. Mo yẹ kí n ti dúró. Wákàtí kan péré ni ì bá gbà.

Mo so kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún mọ́ àárín ìdúró, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kó má baà máa fì. Mo fi sípánà dè gbogbo nọ́ọ̀tì. Méjì ti dẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Mo da yanrìn gbígbẹ tí mo sẹ́ sínú ihò ẹsẹ̀ náà, torí alumíníọ̀mù òfìfo máa ń dún bí agogo. Ẹni tó bá rí káfíńtà tó mọṣẹ́ lè ṣe ẹsẹ̀ igi. Igi máa ń pa gbígbọ̀n yára ju irin lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fi ń lo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígi láti ìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ayé ń yí, ní ìlọ́po 70 Júpítà ò ní lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jáde, torí náà a gbọ́dọ̀ máa ti awò. Ẹ gbé Júpítà sí etí ibi tó ti máa wọlé, kí ẹ yọwọ́, kó máa rìn bọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há kókó tí à ń yí kí àwòrán lè mọ́, kí ẹ sì fi ìka kan ṣoṣo ti pẹ́ẹ̀gì náà. Ẹ má sì kánjú sọ nǹkan di ńlá bí mo ti ṣe, torí bó ṣe ń sọ Júpítà di ńlá ló ń sọ gbígbọ̀n di ńlá. Awò tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, fi rí òṣùpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1610 kò ju nǹkan bí ìlọ́po 20 lọ. Ojú awò mi oní-mìlímítà 25 ń ṣe ìlọ́po 28, inú àpò ló wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí ẹ wá fa ẹsẹ̀ yẹn gùn, asán ni. Mo dán an wò: pẹ̀lú omi, pẹ̀lú yanrìn, lórí erùpẹ̀, mo fà á gùn padà, àáyá méje. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìdúró olówó ńlá nìkan ló lè yanjú ẹ̀.

Màmá ti padà sí Ìkìrun. Júpítà yóò ṣì máa wà lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́ títí di oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró dìgbà náà. Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Ilẹ̀ lásán ni àgbàlá wọn, kò sí igi níbẹ̀. Mo ti pe àbúrò bàbá mi lórí fóònù pé kí wọ́n bá mi gbé àpótí tí Màmá fi ń jókòó dáná síta kí n tó dé.