Kọ̀ǹpútà ò lè bá yín di hándù mú: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí réèsì alùpùpù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹńjiníà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí báwo lèèyàn ṣe ń wọ iṣẹ́ réèsì alùpùpù, ẹ kú ìsinmi o. Mo ní kí n kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ dátà tí mò ń ṣe ní England níbí, torí ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: ṣé kọ̀ǹpútà ò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ráídà báyìí? Pé ẹni tó bá ti lówó ra ẹ̀rọ tó gbọ́n jù ló máa borí, ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ kàn ń bá a lọ ni. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ni, ẹ jẹ́ ká wá òótọ́ ẹ̀ jáde.

Ẹ wo réèsì Aragón ní Spain, September 2013, nínú MotoGP, ìdíje alùpùpù tó ga jù lágbàáyé. Marc Marquez àti Dani Pedrosa, ilé Honda kan náà ni wọ́n ti jọ ń gun máṣíìnì. Marquez pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ló bá fara kan Pedrosa lẹ́yìn, ìfarakàn tí ò tó nǹkan rárá, ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lè má rí i. Àmọ́ wáyà tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn Pedrosa, wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń yí tó, wáyà yẹn ló já. Pedrosa ò mọ nǹkan kan. Ó fún un níná, ìyẹn ni pé ó yí hándù kí máṣíìnì lè sáré, bó ṣe ti ń fún un látàárọ̀, máṣíìnì bá gbé e sọ̀kò. Marquez ló padà gba réèsì yẹn, ó sì gba ife àgbáyé lọ́dún yẹn, máàkì 4 péré ló fi ju Jorge Lorenzo tó ṣe ipò kejì lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni ìdájọ́ tó tẹ̀ lé e. Marquez gba máàkì ìjìyà 1. Honda fúnra wọn pàdánù máàkì 25 nínú ìdíje àwọn tó ń ṣe máṣíìnì, torí pé wọ́n fi wáyà yẹn síbi tí nǹkan ti lè tètè kàn án. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ẹjọ́ yẹn, ẹni tó to wáyà ló jìyà jù. Ẹ fi sọ́kàn tí ọ̀gá yín bá ní kẹ́ ẹ tún wáyà dì lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tẹ́ ẹ wá ń kùn.

Àwọn kan wá fi ọ̀rọ̀ Pedrosa yẹn ṣe ẹ̀rí pé ṣé ẹ rí i, wáyà kan já, ráídà ńlá dọmọdé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò yí padà, ọwọ́ tó fi ṣí iná ní lap (yíyí tíráàkì ká lẹ́ẹ̀kan) tó ṣáájú náà ló fi ṣí i lọ́tẹ̀ yìí, àdéhùn tó wà láàárín ọwọ́ yẹn àti kọ̀ǹpútà ló já tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Ẹni tó bá mọ̀ pé kò sí traction control, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dín iná kù kí táyà ẹ̀yìn má bàa yọ̀, bó ṣe máa ṣí iná yàtọ̀.

Bí traction control ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Ó ń wo eré táyà iwájú, ó ń wo ti ẹ̀yìn, tí ti ẹ̀yìn bá ti yára ju ti iwájú lọ kọjá ibi tá a dá fún un, ó mọ̀ pé táyà ti ń yọ̀ nìyẹn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé táyà alùpùpù ò rí pẹrẹsẹ bíi ti mọ́tò, tí máṣíìnì bá dẹ̀gbẹ́, etí táyà ló ń tẹ ilẹ̀, àyíká etí yẹn sì kéré sí ti àárín, torí náà kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ bí máṣíìnì ṣe dẹ̀gbẹ́ tó kó tó lè ṣírò ẹ̀ dáadáa, sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní gyro ló ń sọ ìyẹn fún un, àwọn MotoGP yìí sì ń dẹ̀gbẹ́ kọjá 60 degrees. Tó bá rí i pé táyà ń yọ̀, ó lè fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn tàbí kó pa sílíńdà kan fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú akàn, èyí ló yá jù. Ó sì lè ti ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì díẹ̀, èyí máa ń falẹ̀ torí mọ́tò kékeré kan ló ń yí i.

Ṣé ẹ wá rí i? Táyà ti gbọ́dọ̀ yọ̀ ná kó tó mọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé èèyàn méjì gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò, ìdí ló fi ń mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn fẹ́ lọ, kó tó lọ rárá. Àwọn ráídà ńlá náà nìyẹn. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá ṣì í díẹ̀, ó máa dárí jì yín. Láyé 500cc two-stroke, àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí wọ́n ń lò kí ẹ́ńjìnì four-stroke tó wọlé ní 2002, kò sẹ́ni tó ń dárí ji ẹnikẹ́ni, táyà ẹ̀yìn á yọ̀, á tún di ilẹ̀ mú lójijì, máṣíìnì á nàró, èèyàn á fò, egungun á kán.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Casey Stoner. 2007 ló gba ife àgbáyé pẹ̀lú Ducati, ó gba réèsì 10 lọ́dún yẹn, ariwo táwọn èèyàn sì ń pa ni pé traction control Ducati ló ń bá a ṣe é. Ó dáa. Loris Capirossi wà nínú ilé kan náà, réèsì 1 ló gbà. Marco Melandri wá gba àyè Capirossi ní 2008, máṣíìnì kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, Stoner gba 6, Melandri ò gun podium, ìyẹn ipò mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Valentino Rossi tó ti gba ife ìpele tó ga jù yẹn lẹ́ẹ̀méje náà lo 2011 àti 2012 ní Ducati, kò gba réèsì kankan. Ẹ̀yìn Stoner, ó di 2022 kí Ducati tó tún rí ife ráídà gbà, Bagnaia ló gbà á fún wọn. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń gun máṣíìnì ni, kí ló dé tí ò gùn ún fún Melandri? Stoner, orí ilẹ̀ eruku ní Australia ló ti ń gun alùpùpù látìgbà èwe, níbi tí táyà ẹ̀yìn ti ń yọ̀ ní gbogbo kọ́nà, táyà tó ń yọ̀ ò jẹ́ tuntun létí ẹ̀.

Níbi tí mo wà yìí ẹ̀wẹ̀, British Superbike, ìdíje alùpùpù ilẹ̀ Britain, ti pa gbogbo ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà yìí rẹ́ láti 2012. Kọ̀ǹpútà MoTeC kan náà ni gbogbo wọn ń lò, kò sí traction control, kò sí èyí tó ń tẹ iwájú wálẹ̀, kò sí èyí tó ń báni gbéra ní stáàtì. Scott Redding kúrò ní MotoGP wá síbẹ̀ ní 2019, gbogbo èèyàn ń wò ó pé ẹni tí kọ̀ǹpútà ti kẹ́ bàjẹ́, ọdún yẹn gan-an ló gba ife.

Iṣẹ́ tèmi wá ńkọ́? Láàárín dátà, ìlà méjì ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìkan ni iye iná tí ọwọ́ ráídà béèrè, èkejì ni iye tí kọ̀ǹpútà fún un. Lórí máṣíìnì tó ní traction control, àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Tí àlàfo bá tóbi ní kọ́nà kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ráídà máa béèrè iná kíákíá jù. Tó bá tóbi kiri gbogbo tíráàkì, ẹ lọ wo sọ́kì ẹ̀yìn àti táyà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà o, torí ẹ lè fi kún traction control kí gbogbo nǹkan rọlẹ̀, kí ráídà dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, àṣé sọ́kì tó bàjẹ́ lẹ ń bò mọ́lẹ̀, lap 15 ni táyà máa tú àṣírí yín. Gbogbo ìgbà tó bá sì dá sí i, eré ló ń gé kúrò, ẹni tó mọwọ́ iná dáadáa ló ń dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kéré jù.

Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi pé tí ráídà bá wọlé, ẹ má tíì ṣí laptop. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti fi ìlà hàn án, ohun tó rí lójú laptop ló máa sọ fún yín, kì í ṣe ohun tó gbọ́ nídìí mọ́, ẹ ti pàdánù sẹ́ńsọ̀ tó dáa jù lórí máṣíìnì yẹn.

Àwọn kan á ní ẹ wo 2016, MotoGP fún gbogbo wọn ní software kan náà, ráídà mẹ́sàn-án ló sì gba réèsì lọ́dún kan. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé táyà kúrò lọ́wọ́ Bridgestone fún Michelin, òjò náà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹ̀ lé software lórí, kò fẹ́ ronú ni ṣá. Marquez náà ló sì gba ife.

Táyà iwájú ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa mọ̀. Kò sí ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà mọ́lẹ̀, ní MotoGP, tí iwájú bá yọ̀ lórí bíréèkì, kọ̀ǹpútà ò lè ṣe nǹkan kan, Marquez máa ń fi orúnkún àti ìgúnpá ti máṣíìnì dìde lórí ilẹ̀, ẹ lọ wo fídíò ẹ̀. Toprak Razgatlioglu, nígbà tó wà ní World Superbike, ìdíje àgbáyé mìíràn, táyà ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń wà lókè bó ṣe ń tẹ bíréèkì wọ kọ́nà. Sófútíwíà wo lẹ fẹ́ rà tó máa ṣe ìyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, tí British Superbike bá lọ sí Cadwell Park, ẹ bá mi lọ dúró níbi tí wọ́n ń pè ní Mountain. Táyà méjèèjì ló ń kúrò nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé fóònù sápò, ẹ tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń dín iná kù kó tó dé orí òkè àtẹni tó fi iná kún un lọ tó wá ń bá iwájú jìjàkadì lókè. Lincolnshire ni o, ẹ mú ẹ̀wù òjò dání.