Àpótí Kan, Owó Èrò Méjì: Bí A Ṣe Lọ Wo Ìràwọ̀ ní Ìdànrè

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2025, àwa mẹ́rin tí a fẹ́ràn ìràwọ̀ ní Àkúrẹ́ gbéra, ó di Ìdànrè. Òkùnkùn ni a ń wá lọ, nítorí pé ní àdúgbò wa nítòsí Ọjà Ọba, iná ilé ìtajà àti iná ojú pópó kì í jẹ́ kí a rí ju ìràwọ̀ díẹ̀ tí ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ kà tán lọ. Tẹlisíkóòpù kan ṣoṣo ni a ní. Àlòkù ni, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a sì dáwó rà á. Dígí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 6, káfíńtà tó wà láàrin wa sì kan àpótí pákó fún un, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ kí gbọ̀ngbọ̀n ọ̀nà má baà ṣe é ní jàǹbá.

Àpótí yìí ni awakọ̀ rí tí ó fi ní owó èrò méjì ni a ó san lé e lórí. A ní a ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ní yóò há ẹni tó bá jókòó tì wá mọ́. A ní kí ó jẹ́ kí a gbé e sí bùùtù, ó ní bùùtù ti kún. Ọjọ́ ń lọ, a kò sì fẹ́ kí Àgùàlà, tí òyìnbó ń pè ní Venus, wọ̀ kí a tó débẹ̀, ni a bá san án. Bí owó ṣe kúrò lọ́wọ́ wa báyìí ni ọkùnrin náà ṣí bùùtù, àpótí wọlé síbẹ̀ láìha, àyè sì tún ṣẹ́ kù fún àpò gààrí ìyá kan. Inú bí mi gidigidi, mo sì sọ ọ́ sí i létí. Owó ẹrù yàtọ̀ sí owó èrò, ẹni tó bá gba owó ìjókòó lórí ohun tí kò jókòó ti rẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù ẹlẹgẹ́ gba ọ̀nà yìí, kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí bùùtù kí òun fi ojú ara òun rí inú rẹ̀, kí ó tó ná owó kankan.

Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé ọkọ̀ tí àwa mẹ́rin san owó èrò mẹ́fà sí náà kò gbé wa dé Àlàdé tó wà lójú ọ̀nà tí bẹ́líìtì fáànù rẹ̀ fi já. Èéfín sọ lójú ẹ̀rọ, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ gun ọ̀kadà padà sí Àkúrẹ́ láti lọ ra òmíràn, ó sì lò tó wákàtí méjì. Nígbà tí ó dé, kò sọ pé ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà ṣàánú wa jù ú lọ: ó fi àga rẹ̀ lọ̀ wá, ó sì fi èpà ṣe jàrá fún wa.

Abẹ́ igi kòkó kan ni a jókòó sí, àpótí wà láàrin wa. Kí ìbínú má baà ba ọjọ́ náà jẹ́ pátápátá, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún bá wa sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwòràwọ̀ tí ẹ lọ wò ní Kánádà yẹn.” Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí, físíìsì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n lọ kí ọmọ wọn obìnrin ní Toronto, wọ́n lọ sí Richmond Hill, ìlú tó wà ní apá àríwá rẹ̀, láti lọ wo ilé ìwòràwọ̀ David Dunlap. Jessie Donalda Dunlap ló fi owó kọ́ ọ ní ìrántí ọkọ rẹ̀, David, ẹni tí iṣẹ́ ìwakùsà sọ di ọlọ́rọ̀. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣí i. Dígí tẹlisíkóòpù rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 74, ẹyọ kan péré ni ó sì tóbi jù ú lọ ní gbogbo ayé nígbà náà. Láti ibẹ̀ ni Tom Bolton, onímọ̀ ìràwọ̀, ti ṣọ́ ìràwọ̀ kan tó ń bá ohun tí ojú kò rí yípo, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Cygnus X-1. Ohun náà wúwo débi pé ní ọdún 1972 ó kọ ọ́ jáde pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ihò dúdú ojú ọ̀run, ìyẹn ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀.

Oko ló yí ilé náà ká nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Bí Toronto ṣe ń fẹ̀ ni iná rẹ̀ ń sún mọ́ ọn, títí Yunifásítì Toronto, tó ni ín, fi pinnu láti tà á, tí wọ́n sì ta ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé ní ọdún 2008, ní mílíọ̀nù 70 dólà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará ìlú fárígá. Àwọn olùwòràwọ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, ìyẹn ẹ̀ka Toronto ti ẹgbẹ́ Royal Astronomical Society of Canada, lọ bá ẹni tó ra ilẹ̀ náà ṣe àdéhùn. Ní ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkókò ìsinmi wọn láti tọ́jú ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún aráàlú ní alẹ́. Ilé náà ti di ti ìlú Richmond Hill báyìí, ìjọba Kánádà sì kà á mọ́ ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní ọdún 2019. Ilé gbígbé ti gba apá kan ilẹ̀ náà, ohùn Tíṣà sì rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀.

Èmi kò fara mọ́ ọn pé iná ìlú tó ìdí láti ti irú ilé bẹ́ẹ̀. Iná lè dí olùwádìí lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣùpá kò bẹ̀rù iná, pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà kò bẹ̀rù rẹ̀, ọmọ tí kò tíì fi ojú kan wọn rí kò sì béèrè ju ìyẹn lọ. Mo sọ ọ́ fún Tíṣà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ náà ń sọ nìyẹn.

Ọkọ̀ ṣí. A dé Odòdé Ìdànrè nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Àbúrò bàbá káfíńtà gbà wá lálejò, wọ́n fi iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tó ní ẹran ìgbẹ́ síwájú wa. A yára jẹun, a sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti ń sá kòkó wà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, òórùn kòkó sì ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí a ṣí àpótí, ọkàn mi kò balẹ̀. Dígí wà ní pípé, ṣùgbọ́n ìdè kan tó mú un dúró ti tú díẹ̀, káfíńtà sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kékeré kan há a. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wa lọ fi ọ̀rá pupa wé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà dí ojú wa tó ti mọ́ òkùnkùn lára lọ́wọ́. Gílóòbù aládùúgbò kan ló kù tó kọjú sí wa. Ọmọ kékeré kan sáré lọ bẹ̀ ẹ́, aládùúgbò náà pa á, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé ọmọ náà wá.

Eruku ọyẹ́ wà lójú ọ̀run, síbẹ̀ òṣùpá ọjọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, Àgùàlà sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn èwe tò sórí ìlà, lẹ́yìn wọn ni àgbà. Nígbà tó kan màmá àgbà kan, Tíṣà tọ́ ẹ̀rọ náà sí Àgùàlà. Màmá dákẹ́ pẹ́.

“Ṣé òṣùpá ni ẹ fi hàn mí ni?”

“Rárá o, Màmá, Àgùàlà ni.”

“Ṣùgbọ́n ó ṣe kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.”

Tíṣà ṣàlàyé fún wọn pé oòrùn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí òun náà, ẹ̀gbẹ́ tó tàn nìkan ni a sì ń rí. Màmá gbé ojú kúrò, wọ́n wo ọ̀run lásán, wọ́n tún padà sí ẹ̀rọ. “Àgùàlà ń bóṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àṣé òun náà ní oṣù tirẹ̀ lára!”

Màmá ní kí wọ́n gbé àga wá fún àwọn, wọn kò sì dìde títí a fi yí ẹ̀rọ sí Júpítà, tí àwọn ọmọ ń pariwo nítorí àwọn òṣùpá kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń kẹ́rù, mo béèrè lọ́wọ́ olùgbàlejò wa bóyá a lè padà wá. Wọ́n ní kòkó ló ni ilẹ̀ náà lọ́sàn-án, kí àwa máa lò ó lálẹ́. Káfíńtà mú èédú nínú ààrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì sàmì sí ojú mẹ́ta tí ẹsẹ̀ tẹlisíkóòpù wa dúró sí.