Ẹ Mú Un Lọ Sí Èbúté Kí Ẹ Tó Mú Un Lọ Sí Ọ́fíìsì

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń múra àtilọ kàwé nípa eré ìdárayá lókè òkun, ẹ kú oríire. Ti físà, owó ilé-ìwé àti aṣọ òtútù, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohun tó mú mi kọ èyí ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí gbogbo yín ń bi mí: ilé-ìwé wo ló ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn èjẹ́ńtì máa ń wá wò? Dípò kí n dáhùn ìyẹn, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní fún yín.

Èkíní, ẹ wá eré tí àwọn onílùú fúnra wọn fẹ́ràn lọ. Ní Írẹ́lándì tí mo ti kàwé, hurling ni. Igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, èèyàn 15 sí 15. Èyí tó bá wọ àwọ̀n jẹ́ àmì 3, èyí tó bá gba òkè igi ìdábùú kọjá láàárín òpó méjèèjì jẹ́ 1. Láti 1884 ni ẹgbẹ́ GAA (Gaelic Athletic Association) tó ń darí rẹ̀ ti wà. Pápá Croke Park ní Dublin ń gba èèyàn tó lé ní 80,000, àmọ́ àwọn tó ń gbá a níbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Tíṣà tó bá gbá àṣekágbá níbẹ̀ ṣì máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Àdúgbò ẹni lèèyàn ń gbá a fún, àwọn ará àdúgbò náà ló sì ń gé koríko pápá.

Èkejì, ẹ má ṣe dúró sẹ́yìn nítorí pé ẹ jẹ́ àlejò. Ará Fiji ni ìyá Seán Óg Ó hAilpín, òun sì ni balógun ẹgbẹ́ hurling Cork tó gba ife gbogbo Írẹ́lándì ní 2005. Èdè Irish, èdè ìbílẹ̀ wọn, ló fi sọ̀rọ̀ nígbà tó gba ife náà.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, kò sì ṣeé sọ ní gbólóhùn méjì. Nígbà tí mo padà sílé, eré ìje ọkọ̀ lórí ọ̀sà wa ló wà lọ́kàn mi. Ojú omi ni Ọba Kòsọ́kọ́ gbà wá bá wa lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, a sì ń fi ayẹyẹ Káyókáyó rántí rẹ̀ di òní. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí í ṣe apá méjèèjì ìlú wa, ní ọkọ̀ tirẹ̀, kí àgbà apẹja ṣe adájọ́, kí ìdíje máa yí láti èbúté kan sí èkejì. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan. Wọ́n yìn mí gan-an.

Ohun tí wọ́n fi ìwé mi ṣe ni àríyá ọjọ́ kan. Wọ́n pa orúkọ àdúgbò rẹ́ lára ọkọ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i. Àwòrán olóṣèlú kan ló wà láyà jẹ́sì. Àwọn awakọ̀ ti dé láti àfẹ̀mọ́júmọ́, oòrùn pa wọ́n lórí omi títí ọ̀sán fi pọ́n, torí pé àlejò pàtàkì kò tíì dé, olórin sì ń kọrin lábẹ́ kánópì. Eré náà kò pẹ́ tó orin kan. Wọ́n gbé sọ̀wédowó onípátákó fún àwọn tó borí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì gbé pátákó náà padà sínú mọ́tò.

Àwìn ni bàbá tó jẹ́ olórí ọkọ̀ tó borí fi gba àjẹ̀ tuntun lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọjọ́ ọjà ló pa tì. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní: "Ìwọ lo wá kan ilẹ̀kùn wa. A ò mọ ẹnì kankan ní ọ́fíìsì." Ọ̀rọ̀ yẹn ń ká mi lára títí di òní, inú sì ń bí mi sí àwọn tó fi orúkọ mi jẹ gbèsè.

Owó tí wọ́n kọ sórí pátákó náà kò tíì jáde. Mo ṣì ń kọ̀wé sí wọn, mi ò sì ní dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ bọ̀, ẹ kọ́kọ́ kà á sétí àwọn awakọ̀ ní èbúté, ní Yorùbá, kí wọ́n yọ èyí tí kò bá wọn lára mu. Ẹ jẹ́ kí owó ìdíje wà lọ́wọ́ àdúgbò kí ọkọ̀ tó kan omi. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ pè mí, n ó bá yín lọ.