Ọ̀tún Àyà Kò Bá Òsì Dọ́gba

Nígbàkígbà tí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níbí ní Ilé-Ifẹ̀ ya ohun tó wà nínú àyà ènìyàn, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń yà: ẹ̀dọ̀fóró méjì tó dọ́gba rẹ́gí, àti ọkàn tí wọ́n gbé sí abẹ́ ọmú òsì pátápátá. Àwòrán náà máa ń wuni, àmọ́ kò sí àyà tó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, kò yẹ kí ó nira láti fi èdè wa ṣàlàyé bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe yàtọ̀.

Ní òde, wọ́n jọra. Egungun ìhà 12 ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lára ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Ẹni tó bá gbà pé ti ọkùnrin dín ní ọ̀kan nítorí Ádámù, kí ó wá kà á. Inú ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àárín àyà ni ọkàn wà, lẹ́yìn egungun igẹ̀, ó kàn fì sí òsì ni, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì dé àlàfo tó wà láàárín egungun ìhà karùn-ún àti ìkẹfà. Níbẹ̀ ni ọwọ́ wa ti ń bá lílù rẹ̀ pàdé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi gbà pé ibẹ̀ ni ó ń gbé. Nítorí àyè tí ọkàn gbà yìí, ẹ̀dọ̀fóró òsì kéré, ó sì pín sí ọ̀nà méjì, nígbà tí ti ọ̀tún pín sí mẹ́ta. Síbẹ̀, ti ọ̀tún ló kúrú jù, nítorí pé ẹ̀dọ̀ tó wà nínú ikùn ti iṣan tó pààlà àyà àti ikùn sókè ní ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Ọkàn fúnra rẹ̀ kò dọ́gba. Yàrá mẹ́rin ló ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti gbogbo ara dé, ó sì ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó lè gba ọ́síjìn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ń gbà á láti ibẹ̀, ó sì ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Iye ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tì, nǹkan bíi lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò ti òsì ló jìn. Nọ́ńbà òkè tí nọ́ọ̀sì ń kọ sínú káàdì wa nígbà tó bá wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, bíi 120, agbára òsì ló ń sọ. Ti ọ̀tún kì í sábà ju 30 lọ. Ìdí rèé tí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ti òsì fi nípọn ju ti ọ̀tún lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá wọ ọ̀rọ̀ náà, ògiri òsì yìí yóò tún nípọn sí i, èyí kì í sì í ṣe ohun àmúyangàn. Yóò le, kò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ sínú dáadáa mọ́, bó bá sì yá, ó lè rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà kọjá yóò wá kórajọ sẹ́yìn, sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àgbàlagbà tí kò lè mí délẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tó ń bèèrè ìrọ̀rí kún ìrọ̀rí, lè jẹ́ pé ọkàn ló ń ṣe é, bí àwọn ará ilé tilẹ̀ ń pè é ní ikọ́ fée.

Ọ̀nà atẹ́gùn náà kò dọ́gba. Ẹ̀ka tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ, ó sì lọ tààrà sísàlẹ̀, nítorí náà ọ̀tún ni ohun tó bá ṣìnà nínú ọ̀nà ọ̀fun sábà ń wọ̀. Lára ọmọ kékeré, ìyàtọ̀ yìí kò tíì pọ̀ tó ti àgbà, ó lè bọ́ sí òsì pẹ̀lú. Ẹ̀pà ni mò ń bẹ̀rù jù. Bí a bá ń ra ẹ̀pà sísun ní Láàgéré, a máa ń bu díẹ̀ sí ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ eyín tí yóò fi lọ̀ ọ́ kúnná kò tíì pé lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà yóò pọ̀fọ̀, yóò wúkọ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò dákẹ́, a ó sì rò pé ó ti parí. Fọ́tò àyà kì í sábà fi ẹ̀pà hàn, nítorí náà ìtàn tí ìyá bá sọ fún dókítà, pé ẹ̀pà ni ọmọ ń jẹ nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, níye lórí púpọ̀. Epo pupa tàbí omi kò lè gbé e jáde. Ọsibítù ni wọ́n ti ń fi irinṣẹ́ tó ní iná lẹ́nu yọ ọ́.

Àwọn díẹ̀ tún wà tí ohun gbogbo yí padà lára wọn: ọkàn fì sí ọ̀tún, ẹ̀dọ̀ wà ní òsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ìgbé ayé wọn láìní ìṣòro, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ya fọ́tò àyà fún ìdí mìíràn. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òun rí, kí ó máa sọ fún gbogbo dókítà tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé inú rírun tó yẹ kí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀tún lè jẹ́ òsì ni yóò ti máa dùn ún.